Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ọ̀nà Eré Jẹ́jẹ́ Gba Etí Odò, Inú Igbó àti Orí Òkè

Láàárọ̀ Sátidé n'Íbàdàn, l'Óṣogbo, l'Ádó-Èkìtì, ẹ ó rí àwọn tó ń ṣe jọ́gíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Èéfín tírélà ni wọ́n ń fà símú, ojú wọn ò sì kúrò lára ọ̀kadà tó gba wánwéè. Bẹ́ẹ̀, ibi tí odò ti ń ṣàn, tí igi ṣíji bo ọ̀nà, tí ilẹ̀ sì rọra ń dagẹ̀rẹ́ lọ sókè, kò jìnnà sí wọn rárá. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ bí a ṣe ń débẹ̀ láyọ̀ ká sì padà láyọ̀, nítorí náà ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Ohun kan ni mo dì mú nínú gbogbo rẹ̀: ẹ má sáré níbi tí ẹ ò tíì rìn rí, ẹ má sì gba ilẹ̀ tí ẹ ò tíì kí àwọn tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fojú wá a kí ẹ tó fẹsẹ̀ wá a

Ẹ ṣí Google Maps lórí fóònù yín, kí ẹ yí i sí àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ọ̀run. Odò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó máa ń hàn bí ìlà ewé tó dúdú ju ewé tó kù lọ, tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín oko. Bí ẹ bá rí adágún tí etí rẹ̀ kan gún tààrà, dáàmù nìyẹn, ògiri tí wọ́n fi sé omi ló gún bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ dára púpọ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ omi ń gbà lọ gbà bọ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì máa ń tẹ́jú.

Láti òkè, oko kòkó àti igbó gidi jọra. Ẹ wo ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń já síra wọn lábẹ́ igi: ọ̀nà oko nìyẹn, àmì pé àwọn èèyàn ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí ewé ti dì láìsí ìlà kankan, ẹ fi sílẹ̀.

Google kì í fi gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ hàn. Ẹ gba Organic Maps tàbí OsmAnd sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni ẹ lè gbà wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹ bá ti gba máàpù agbègbè náà sílẹ̀ nílé. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó jáde, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ ní àárín òkè méjì. Organic Maps tún lè fi ìlà tó yí òkè ká hàn yín. Bí àwọn ìlà náà bá fún mọ́ra, òkè náà ga ganga. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ó rọra dagẹ̀rẹ́ ni. Ìṣirò tí mo ń lò kò le: bí ilẹ̀ bá ga sókè tó mítà 5 nínú 100 mítà, ẹsẹ̀ ṣì lè sá a. Bó bá ti ń sún mọ́ mítà 10, kí ẹni tí kò tíì pẹ́ nínú eré yìí máa rìn ín.

Kìlómítà 3 sí 5 ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀nà náà yípo padà síbi tí ẹ ti gbéra, kí ó sì ní ibi méjì ó kéré tán tí ẹ lè já sí títì bí ẹsẹ̀ bá kọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ to omi, igbó àti òkè bó ti yẹ

Àwọn kan ń fi òkè ṣe ìparí kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn lágbára. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìgbà tó bá ti rẹ ẹsẹ̀ ni kókósẹ̀ máa ń yẹ̀, orí ìsọ̀kalẹ̀ ló sì ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fi etí omi tó tẹ́jú bẹ̀rẹ̀, kí ara lè yá. Ẹ gba inú igbó dé ìdí òkè. Kí òkè bọ́ sí àárín, nígbà tí ara ti gbóná tí agbára ò sì tíì tán. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba ilẹ̀ pẹrẹsẹ padà wálé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ rìn ín, ẹ sì béèrè

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò.

Ẹ mú ọmọ àdúgbò kan dání, ẹ lọ nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere, kí ẹ sì rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa ka ibi tí ẹ ń gbà. Níbi odò, ẹ wo bí omi ṣe ga tó lójò: koríko gbígbẹ àti ọ̀rá tó há sára ẹ̀ka igi máa sọ ọ́ fún yín. Bí igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe afárá, ẹ fi ẹsẹ̀ dán an wò, kí ẹ sì pinnu pé rírìn ni ẹ ó máa rìn kọjá lórí rẹ̀ nígbà gbogbo. Níbi àbàtà, ẹ wá ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà yí i po. Àwọn náà ò fẹ́ rì.

Nínú igbó, ẹ wo ilẹ̀, ẹ sì wo òkè. Nílẹ̀, gbòǹgbò àti kùkùté tí ewé bò ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ kíyè sí wèrèpè tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ irun ara rẹ̀ sí yín lára tó ti láàgùn, eré ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Ẹ béèrè ibi tí ìjàlọ ti máa ń kọjá lẹ́yìn òjò. Lókè, ẹ wo igi tí oyin tàbí agbọ́n wà, kí ẹ má sì ṣe gba abẹ́ rẹ̀ rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ibi tí wọ́n ń dẹ tàkúté sí, kí ẹ má sì kúrò lójú ọ̀nà nítorí àtigba àbùjá. Tàkúté kì í mọ ẹsẹ̀ ọ̀yà yàtọ̀ sí ti èèyàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ni ilẹ̀ wá kù. Bí ọ̀nà yín bá gba ẹ̀bá abúlé kọjá, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ẹ sọ fún un pé eré ìdárayá lẹ fẹ́ máa wá ṣe, ọjọ́ báyìí, aago báyìí. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe Orò tàbí ètùtù mìíràn tí àlejò tàbí obìnrin ò fi gbọdọ̀ jáde, ẹ béèrè apá ibi tó jẹ́ ti òrìṣà nínú odò tàbí nínú igbó, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí darandaran ń da màlúù gbà. Kí ẹ tún béèrè ní tààrà bóyá àwọn ajínigbé ti yọjú ní agbègbè náà rí. Bí ẹni tí ẹ bi bá ń fà sẹ́yìn, tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má gba ibẹ̀. Láti ọdún 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ wa ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Ẹ lè bi wọ́n léèrè nípa ọ̀nà tí ẹ ní lọ́kàn kí ẹ tó fọkàn sí i.

Látìgbà náà lọ, ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ ẹnikẹ́ni kọjá láìkí i. Ẹ dín eré kù bí ẹ bá ń sún mọ́ àgbà tó ru igi tàbí ọmọ tó ru omi, ẹ ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," kí ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá mọ̀ yín ló máa sáré tọ̀ yín wá bí ẹ bá ṣubú. Mo ka ìkíni sí ara ohun ìdáàbòbò, mo sì gbà á gbọ́ ju ọ̀pá tí àwọn kan ń mú dání lọ.

Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ sí igbó abúlé kò gbọdọ̀ fi tipátipá wọ̀ ọ́. Ibi tó ní géètì àti ẹ̀ṣọ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ ló sì wù mí jù nínú irú ibẹ̀. Ọdún 1967 ni yunifásítì náà kó láti Ìbàdàn lọ sórí ilẹ̀ yìí, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ò sì gé gbogbo igi rẹ̀ lulẹ̀. Ní 1978, wọ́n sé odò Ọpa, ó di adágún tí ọgbà náà ń lò fún omi. Àwọn òkè àpáta wà nítòsí àwọn gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń gùn wọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Omi, igbó àti òkè wà nínú ọgbà kan ṣoṣo.

Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání dé géètì. Ọ̀nà ńlá tó wọlé láti géètì, tí wọ́n ń pè ní Road 1, dára láti rìn kí ara yá, àmọ́ mọ́tò wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀. Láti ibẹ̀, ẹ bọ́ sí àwọn ọ̀nà kéékèèké tí igi ṣíji bò. Kí ẹ tó gba ìhà dáàmù, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ibi tí wọ́n fàyè gbà ní àsìkò náà, torí omi tí àwọn èèyàn ń mu ni. Àwọn òkè àpáta náà, ìdí wọn ni kí ẹ sáré dé. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn gùn wọ́n ní ọjọ́ tí àpáta gbẹ, ẹ má sì dá nìkan gùn ún.

N'Íbàdàn, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà, igbó tí wọ́n dá sí nínú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ẹ tó wọlé, kò sì yẹ kí ìyẹn bí yín nínú: àṣẹ yẹn ni kò jẹ́ kí igbó náà ti di ilé. Ẹ̀yin tó wà nítòsí Yunifásítì Ìbàdàn ní dáàmù Awba. Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ti sé omi rẹ̀ láti 1942 lórí odò Ọ̀nà, dùn ún wò láàárọ̀, ṣùgbọ́n ilé ti sún mọ́ ọn gan-an, ẹ yan ẹ̀gbẹ́ tí àwọn èèyàn ń gbà dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò díẹ̀, Ìkògòsì-Èkìtì wà láàárín òkè àti igbó. Omi gbígbóná tó ń sun níbẹ̀ tó nǹkan bí 70°C lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru, ó sì máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́ níbi tó ti pàdé omi tútù. Ẹ sáré tán kí ẹ tó lọ fi ẹsẹ̀ sí i. Olúmirin, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, àti Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, kò bá eré jẹ́jẹ́ mu. Ìrìn ni wọ́n bá mu. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ńkọ́? Ilé ìsìn ni. Hẹ́kítà 75 rẹ̀ tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005 jẹ́ ibi tí wọ́n ti ka ọdẹ, ẹja pípa àti oko dídá léèwọ̀. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti sáré níbẹ̀. Ẹ wọ ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ àsìkò

Oòrùn máa ń yọ láàárín aago 6:20 sí 7:00 lápá ọ̀dọ̀ wa, oṣù Ṣẹ́rẹ́ ló sì máa ń pẹ́ jù. Nínú igbó, ẹ fi ìdajì wákàtí kún un, torí òkùnkùn máa ń pẹ́ lábẹ́ ewé, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn ọdẹ tó sun oko ń padà bọ̀ tàwọn ti ìbọn. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ yòò. Bó bá ṣe ìrọ̀lẹ́ ni, kí ẹ ti jáde kúrò nínú igbó kí aago mẹ́fà tó lù.

Láti Òkúdù dé Ọ̀wàrà, ẹ máa wo ojú ọ̀run apá òkè odò kí ẹ tó wo ti orí yín. Òjò tó rọ̀ níbòmíràn lè mú odò kún lójijì lọ́dọ̀ yín. Omi tó bá ti dé orúnkún, tó sì ń sáré, ẹ yí padà. Lẹ́yìn òjò ńlá, amọ̀ pupa máa ń yọ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Lásìkò ọyẹ́, eruku àti èéfín igbó tí wọ́n ń jó ni ìṣòro. Ẹni tó ní ikọ́ fée ò gbọdọ̀ jáde ní ọjọ́ tí kùrukùru eruku bá bo ojú ọ̀nà. Láti Ọ̀wàrà dé Ọ̀pẹ, ìkórè kòkó máa ń mú kí ọ̀kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ lójú ọ̀nà oko.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tí ẹ ó wọ̀ àti ohun tí ẹ ó mú dání

Bàtà ló ṣe pàtàkì. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín tó jinlẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ lè rí i lọ́jà tòkunbọ̀, kí ẹ sáà tẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ti gbó, kí ẹ sì rí i pé àyè ìwọ̀n àtàǹpàkò kan wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, torí pé ìka máa ń gún iwájú bàtà lórí ìsọ̀kalẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó dé abẹ́ orúnkún ń gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀gún àti eégbọn, ó sì ń gbà yín lọ́wọ́ kòkòrò dúdú kékeré tó ń jẹni létí odò tó ń sáré, èyí tó lè kó àrùn tó ń fọ́jú ranni.

Omi inú ọ̀rá méjì, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, fèrè kékeré, owó ọ̀kadà, ẹ̀wù òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó tán. Etí méjèèjì ni kí ẹ fi gbọ́ ọ̀nà, nítorí náà ẹ fi gbohùngbohùn etí sílẹ̀ nílé. Ẹ sọ fún ẹnìkan nílé ọ̀nà tí ẹ gbà àti aago tí ẹ ó padà, kí ẹ má sì dá nìkan lọ. Ẹni mẹ́ta dára ju méjì lọ: bí ẹnìkan bá fara pa, ẹnìkan á dúró tì í, ẹnìkan á lọ pe èèyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ ó ṣe sá a

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn kánmọ́kánmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè sáré ìṣẹ́jú méjì, kó rìn ìṣẹ́jú méjì, títí tí ogún ìṣẹ́jú á fi pé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó máa fi ọjọ́ ìsinmi sáàárín. Ìwọ̀n eré tó dára ni èyí tí ẹ fi lè ki oríkì yín ní ìlà méjì láìmí hẹlẹ. Bí oríkì bá ń já lẹ́nu, ẹ dẹ eré. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Létí odò, ẹ má sáré lórí àpáta tó ní àwọ̀ ewé, omi ti sọ ọ́ di ohun tó ń yọ̀. Ẹ má sì wọ etí adágún tàbí odò tó dúró lójú kan láti fọ ẹsẹ̀. Ìgbín inú omi ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, kòkòrò náà sì ń gba awọ ara wọlé láìsí egbò kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Oògùn rẹ̀ wà.

Nínú igbó, ojú yín kì í ṣe fún ẹsẹ̀. Ẹ máa wo mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú, ẹsẹ̀ á tẹ ibi tí ojú ti rí ṣáájú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ ju ti orí títì lọ. Níbi igi tó ṣubú dábùú ọ̀nà, ẹ má fò ó: ẹ dúró, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn láti sùn.

Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ gé ìṣísẹ̀ kúrú, ẹ ju apá, kí ẹ fi àyà síwájú díẹ̀ láìtẹ ìbàdí. Ẹ má wo orí òkè, ẹ wo igi tó kàn. Ìsọ̀kalẹ̀ ló le jù, bó tilẹ̀ rọ èémí lọ́rùn, torí ó ń gbé gbogbo ìwúwo ara lé orúnkún. Ẹ má fi gìgísẹ̀ dá ara yín dúró. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ìṣísẹ̀ yá kó sì kúrú, kí orí má mì, bí ẹni tó ru omi bọ̀ láti odò.

Bí ẹ bá pàdé màlúù, ẹ dúró, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kí darandaran, kí wọ́n kọjá. Bó bá jẹ́ ajá, ẹ má sá. Ẹ dúró, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ rọra fà sẹ́yìn. Bó bá géni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má fi abẹ gbẹ́ ẹ, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má so ó pinpin. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kí ó tó wú, ẹ fi igi àti aṣọ di ẹsẹ̀ náà kó má mì, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò. Ilé ìwòsàn tó ní in, kí ẹ ti béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń rin ọ̀nà náà wò.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnìkan, tí èébì ń gbé e, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́ nínú oòrùn, ẹ gbé e sábẹ́ igi, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Fún òùngbẹ lásán, ẹ lè po omi iyọ̀ àti ṣúgà sílẹ̀ nílé: omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn omi inú ọ̀rá oní-50cl méjì, ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ìdí ìbọ̀sẹ̀ wò fún eégbọn. Ẹ fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ mú un níbi tó súnmọ́ awọ jù, ẹ fà á tààrà láìyí i. Ẹ fọ amọ̀ kúrò lábẹ́ bàtà, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ẹ sá a sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, kó má jẹ́ inú oòrùn gbígbóná, torí oòrùn máa ń tú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Kí ẹ sì fi àmì sí orí máàpù yín, ibi tí afárá ti ń jẹrà, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, orúkọ ẹni tó fún yín lómi, kí ẹni tó bá ń tẹ̀lé yín bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè mọ̀ ọ́n.